Orí Karùn-ún: Bí Ọ̀rọ̀ Abúlé Ṣe Ń Dé Iwájú Ìgbìmọ̀ Ìjọba

Ní ìparí ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn ní àwọn kò san owó orí mọ́. Wọ́n rọ́ wá sí gbọ̀ngàn Mápó ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá, wàhálà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì bọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, ó sì fi Adájọ́ E. O. Ayọ̀ọlá ṣe alága. Ìgbìmọ̀ náà jókòó, ó gbọ́ ẹjọ́: owó orí ti ju ohun tí kòkó ń mú wọlé lọ, àwọn agbowó-orí ń fojú aráàlú gbolẹ̀, ọ̀nà oko ti bàjẹ́. Ó kọ ìwé àbá rẹ̀, ìjọba gbé ìpinnu tirẹ̀ jáde. Ìpinnu náà kò tẹ́ àgbẹ̀ lọ́rùn, ìjà wọn, tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, sì tún gbóná ní àárín ọdún 1969. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, aṣáájú àwọn àgbẹ̀ náà, ní Àkànràn, nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, tí owó orí sì já sí pọ́n-ùn méjì, ni nǹkan tó rọlẹ̀.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kì í ṣe ìjọba. Ìmọ̀ràn ni tirẹ̀, àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ro ẹjọ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, tó sì padà sóko, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ìdajì kejì wà láàárín ọjọ́ tí ìwé àbá kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àti ọjọ́ tí owó tàbí katakata dé ojúlé.

Orí yìí wà fún baálẹ̀, ìyálọ́jà, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ọ̀rọ̀ méjì ló dá lé: ilẹ̀ àti omi tí wọ́n ń lò, àti owó oṣù àwọn tó ń kọ́ ọmọ wọn, tó sì ń gbẹ̀bí wọn.

Irú ìgbìmọ̀ wo ni?

Orúkọ máa ń tan ènìyàn jẹ. Wọ́n lè pe ọ̀kan ní kọmíṣọ̀n, kí wọ́n pe èkejì ní kọmítì, kí wọ́n pe ẹ̀kẹta ní tásìkì fọ́ọ̀sì, kí agbára wọn má sì jọra rárá.

Àwọn kan wà tí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Abala 197 ló fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kọmíṣọ̀n tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba, èyí tó ń bójú tó ìdìbò, àti èyí tó ń bójú tó ètò ìdájọ́. Ìwọ̀nyí ju olùdámọ̀ràn lọ. Kọmíṣọ̀n òṣìṣẹ́ ìjọba lè gba ènìyàn síṣẹ́, ó lè bá a wí, ó sì lè dá a dúró. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń sọ iye tí òṣìṣẹ́ yóò gbà lóṣù, nítorí náà, olùkọ́ tó bá gbé ẹ̀dùn owó oṣù lọ bá a ti ṣi ilẹ̀kùn kàn. Abala 196 sì fún gómìnà láyè láti yan àwọn olùdámọ̀ràn pàtàkì. Iye wọn àti owó tí wọn yóò máa gbà, òfin tàbí ìpinnu ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń sọ ọ́.

Irú kejì ni èyí tí gómìnà yàn nítorí ọ̀rọ̀ kan tó délẹ̀, bíi omíyalé, ìjà ààlà, tàbí owó oṣù tuntun. Irú yìí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ó lè ní oṣù mẹ́ta péré láti fi ṣiṣẹ́, kí ó fi ìwé àbá rẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, kí ó sì túká. Irú kẹta ni ìgbìmọ̀ ìdúnàádúrà, níbi tí aṣojú ìjọba àti aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń jókòó kojú ara wọn. JNC ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é.

Kí abúlé kan tó kọ lẹ́tà, ó yẹ kí ó ti mọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló yan ìgbìmọ̀ náà? Ta ni yóò gba ìwé àbá rẹ̀? Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí? Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló mọ gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni akọ̀wé yìí sábà máa ń jẹ́, inú ọ́fíìsì kan ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì ni wọ́n sì ti máa ń rí i. Ẹni tó bá mọ akọ̀wé ti mọ ojúlé tí ìwé ń gbà wọlé.

Ilẹ̀, omi àti ìdọ̀tí

Ọdún 1988 ni òfin àyíká bẹ̀rẹ̀ sí í rinlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún náà ni àṣírí tú pé wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù ni wọ́n fi háyà àgbàlá tí wọ́n kó o sí. Kí ọdún náà tó parí, òfin 58 ti dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àyíká, ó sì rọ àwọn ìpínlẹ̀ láti dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Láti ọdún 2007, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NESREA ló ń mú àwọn ilé iṣẹ́ tó bá rú òfin àyíká. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí àyíká àti ohun àlùmọ́ọ́nì.

Ní Ìbàdàn, omíyalé ló ń bí ìgbìmọ̀. Omíyalé Ògùnpa, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, pa ju igba ènìyàn lọ. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 pa ju ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì gbé afárá Apẹ́tẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí gbé ìgbìmọ̀ ìdènà omíyalé kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọṣọ́bálájé Oyawóyè, àgbà onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, sì jẹ́ alága. Ní ọdún 2014, Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là tí ìpínlẹ̀ yá láti fi kojú omíyalé. Lára ohun tó ti inú iṣẹ́ náà jáde ni ìwé ètò ńlá mẹ́ta: ọ̀kan fún ìlú Ìbàdàn, ọ̀kan fún ojú àgbàrá, ọ̀kan fún ìdọ̀tí. Abúlé tí odò bá ń gba ẹ̀yìn oko wọn kọjá lè béèrè ní Àgọ́dì pé kí wọ́n fi apá tó kàn wọ́n han àwọn. Inú ìwé wọ̀nyí ni ìjọba ti ń wo ibi tí omi yóò gbà àti ibi tí ìdọ̀tí yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ìdọ̀tí ń lọ yìí ló kan abúlé jù. Ààtàn ńlá mẹ́rin ni Ìbàdàn ń lò: Lápité wà ní Akínyẹlé, Abà Eku wà ní Ọ̀nà-Àrà, Ajákáńgà wà ní Olúyọ̀lé, Àwọ́tán sì wà ní Ìdó. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ti àárín ìgboro. Ìgboro ló ń da ìdọ̀tí, oko ló ń gbà á. Odò ẹran ńlá tí ìjọba kọ́ kí àwọn alápatà lè kúrò ní Bódìjà náà, Amósùn ní Akínyẹlé ni wọ́n kọ́ ọ sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ̀tọ́ ni fún ará oko láti jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba ìmọ̀ràn lórí ìdọ̀tí. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń ṣe wọ́n lóore.

Ẹni tó bá ti dúró nítòsí irú ààtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò mọ ohun tí a ń wí. Omi dúdú kan á máa ṣẹ́ jáde láti ìdí òkìtì náà, ọ̀rá á léfòó lójú rẹ̀, á sì máa bá ojú àgbàrá lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ odò. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi irú omi bẹ́ẹ̀ láti Abà Eku dán gbòǹgbò àlùbọ́sà wò, wọ́n sì rí i pé kò jẹ́ kí gbòǹgbò náà dàgbà bó ṣe yẹ.

Ti Kúmápàyí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abúlé yìí wà ní ẹ̀bá Olódó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì mọ́tò da ìdàrọ́ òjé sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ìdàrọ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn onímọ̀ Fásitì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbánjọ wà lára wọn, yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, wọ́n sì bá òjé rẹpẹtẹ nínú rẹ̀. Bí òjé bá wọ inú omi, kì í rùn, kì í sì í yí àwọ̀ omi padà. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, ìyá ọmọ lè máà fura títí di ìgbà tí ọmọ bá dé ilé ìwé tí ẹ̀kọ́ kò wọ̀ ọ́ lórí.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún abúlé tí irú èyí bá bá.

Èkíní ni ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi kíkó ìdọ̀tí, àbójútó ọjà àti ibi ìpẹran sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Moníyà ni ti Akínyẹlé wà, Ìyànà Ọ̀fà ni ti Lágelú, Àkànràn ni ti Ọ̀nà-Àrà. Ti Ẹgbẹ́dá wà ní Ẹgbẹ́dá. Káńsẹ́lọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá, kí orúkọ abúlé lè wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé káńsù.

Èkejì ni òfin àyẹ̀wò àyíká, òfin 86 ti ọdún 1992. Òfin náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe fún ilẹ̀, omi àti ènìyàn. Ààtàn ìlú wà lára iṣẹ́ tó kàn. Ibi ìfọ́kúta, tí àwọn ènìyàn ń pè ní kúárì, wà lára rẹ̀ bí kò bá tó kìlómítà mẹ́ta sí ibi tí ènìyàn ń gbé. Wọ́n máa ń pàtẹ ìwé àyẹ̀wò náà fún aráàlú láti kà fún ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún, ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ àti ní iléeṣẹ́ àyíká. Ó máa ń nípọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kí abúlé rán olùkọ́ kan àti ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ, kí wọ́n wá àwòrán ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá orúkọ abúlé wọn wà níbẹ̀, bóyá odò wọn wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò kọ nìyẹn. Bí ọjọ́ mọ́kànlélógún náà bá kọjá láìsí lẹ́tà kankan, ẹni tó ni iṣẹ́ lè sọ pé aráàlú kò ní àtakò.

Ẹ̀kẹta ni ìgbìmọ̀ tí gómìnà bá yàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ẹ̀dùn tí abúlé bá kọ ni wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀, bí a ó ṣe rí i nísàlẹ̀.

Owó oṣù òṣìṣẹ́

Ìgbìmọ̀ owó oṣù kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Adájọ́ Adéyínká Morgan, tó jẹ́ adájọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ló ṣe alága ti ọdún 1963 sí 1964. Ìwé àbá rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde, òṣìṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1964. Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ló darí ti ọdún 1970 sí 1971. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jerome Udoji, tí owó àjẹmọ́nú rẹ̀ tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di ẹlẹ́rọ amóhùnmáwòrán àti alálùpùpù, tí ọjà sì gbówó lórí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ owó Údójì títí dòní.

Ètò ti òde òní rí báyìí. Ìjọba àpapọ̀ ló ní àṣẹ láti fi òfin sọ owó oṣù tó kéré jù lọ. Kí ó tó ṣe é, ìgbìmọ̀ kan á jókòó, tí aṣojú ìjọba, ti àwọn agbanisíṣẹ́ àti ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2024 ní ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógójì, Bukar Goni Aji sì ni alága. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ aráàlú ní ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta. Èkó ni ti Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ti wáyé, níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti béèrè ₦794,000. Ìyanṣẹ́lódì wáyé ní oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ₦70,000. Láti ₦125 ọdún 1981, owó oṣù tó kéré jù lọ ti gba ₦18,000 ọdún 2011 àti ₦30,000 ọdún 2019 kọjá kó tó dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti ìjọba àpapọ̀ parí sí. Ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ san kéré sí iye òfin, ó sì lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ọ̀yọ́, kí ọdún 2024 tó parí, Gómìnà Ṣèyí Mákíndé kéde ₦80,000. Ohun tó wá kù ni bí owó àwọn tó wà ní ipele òkè yóò ṣe gòkè, nítorí bí owó ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá gbéra, tí ti olùkọ́ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò kúrò lójú kan, àwọn méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gba iye kan náà. Orí tábìlì ìdúnàádúrà ni wọ́n ti ń tú èyí palẹ̀.

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ yìí yọ àwọn kan sílẹ̀. Ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò sí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni alágbàṣe oko tó ń ṣiṣẹ́ ní àkókò kan péré nínú ọdún. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó wá bá àgbẹ̀ Lálúpọn kọ ebè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè fi ₦70,000 pe ẹjọ́.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera abúlé àti akọ̀wé káńsù kì í lọ sórí tábìlì ìdúnàádúrà fúnra wọn. Ẹgbẹ́ wọn ló ń lọ: NUT fún olùkọ́, NULGE fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, NUP fún òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Ẹ̀ka wọn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpàdé ẹ̀ka yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tó ń wọ ọ̀kadà láti Moníyà lọ sí abúlé kan lójoojúmọ́ yẹ kó kọ iye owó ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó sì fi lé akọ̀wé ẹ̀ka lọ́wọ́. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni aṣojú ẹgbẹ́ fi ń bá ìjọba jiyàn lórí owó àjẹmọ́nú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní oko.

Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní abala tirẹ̀ nínú ìwé òfin. Abala 210 ní kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì lẹ́ẹ̀kan ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣe àtúnyẹ̀wò owó oṣù òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Bàbá tàbí ìyá tó bá ń gba iye tó ń gbà láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn lè fi abala yìí kọ̀wé nípasẹ̀ NUP.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ẹ̀dùn

Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ gbọ́ tẹnu aráàlú máa ń kéde nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, ọjọ́ tó fi sílẹ̀ kì í sì í pọ̀. Kí ẹnì kan ní abúlé gba iṣẹ́ gbígbọ́ ìkéde yìí.

Ìwé tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ máa ń kà tán kì í ju ojú ewé méjì lọ. Èyí tó kún fún ẹ̀bẹ̀ àti oríkì ìjọba kì í fún wọn ní ohun tí wọn yóò kọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi, ìgbà, iye, àti ohun tí aráàlú fẹ́. Àpẹẹrẹ kan nìyí, tí abúlé èyíkéyìí tó wà nítòsí ààtàn lè fi ṣe àwòṣe:

“Àwa ará abúlé yìí ń kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ìdílé ogójì ni wá. Láti oṣù Kẹfà ni omi dúdú ti ń ti inú ààtàn wọ odò wa. Kànga mẹ́ta ti yí àwọ̀ padà: ti ilé ìwé, ti mọ́ṣáláṣí, àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbu. Ohun méjì là ń fẹ́: kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí yóò gba omi náà dúró kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan fún wa ní òkè odò. Fọ́tò mẹ́fà tí ọjọ́ wà lára wọn wà lẹ́yìn ìwé yìí.”

Baálẹ̀, ìyálọ́jà, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti aṣojú àwọn ọ̀dọ́ á fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ àǹtẹ̀ka, kí ẹni tó kà á fún un sì kọ orúkọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera bá lè kọ iye ọmọ tó ṣàìsàn inú rírun láàárín oṣù mẹ́ta sílẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ìwé náà yóò tún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí i.

Ẹ̀dà mẹ́rin ni kí wọ́n ṣe. Ọ̀kan fún akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọ̀kan fún iléeṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ọ̀kan fún aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò náà nílé ìgbìmọ̀. Ẹ̀kẹrin ni wọn yóò gbé padà wálé, kí ọ́fíìsì tó gba ìwé náà ti lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ní òun kò rí i.

Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá túká

Gómìnà á gba ìwé àbá ìgbìmọ̀, wọn á ya fọ́tò, ilẹ̀ á sì pa rọ́rọ́. Àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ abúlé máa ń sinmi, òun ló sì yẹ kí wọ́n dìde. Ìjọba lè gba àbá kan, kó tún òmíràn ṣe, kó sì da ẹ̀kẹta nù, nínú ìwé ìpinnu tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní wáìtì pépà. Bí ìwé yìí kò bá jáde, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ẹ̀dà ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, láìsọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń jiyàn tipẹ́ pé òfin náà kò kàn wọ́n, àmọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi kejì tí ọ̀rọ̀ ti ń kú ni ìwé ìsúná. Àbá tí kò sí owó fún nínú ìsúná kò lè kúrò lórí bébà. Ìjọba Ọ̀yọ́ máa ń pe aráàlú sí ìpàdé ní ẹkùn-ẹkùn lórí ìsúná ọdún tó ń bọ̀, Ìbàdàn sì ní tirẹ̀. Aṣojú abúlé tó bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tó ní òǹtẹ̀, tó sì béèrè níwájú gbogbo ènìyàn pé ojú ewé wo ni kòtò àwọn wà, ti mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti gbàgbé.

Òfin ọdún 2024 ní kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó oṣù tó kéré jù lọ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, èyí tó já sí ọdún 2027. Kí olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó wà lóko bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí wọ́n ń ná sílẹ̀ láti oṣù yìí. Kí àwọn baálẹ̀ tó wà lágbègbè Lápité, Abà Eku, Amósùn àti Olódó ra fáìlì kan, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọjọ́ tí omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi í síbi tí gbogbo abúlé mọ̀, kó lè ti wà nílẹ̀ kí gómìnà tó yan ìgbìmọ̀ mìíràn.